Ẹ̀wà Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Àbúrò

Pẹ́, pẹ́, pẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá wọn ni, tó ń gbá òróró mọ́ ẹ̀yìn ọmọ tuntun ní kùtùkùtù, nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kéré nígbà náà. Kò tíì dàgbà ju ọmọ tó lè dá abọ́ fọ̀ lọ. Ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kó orúnkún méjèèjì mọ́ àyà, ó ń gbọ́. Bí ìyá bá gbá a tán, yóò fi ọwọ́ pa á láti ọrùn dé ìdí, yóò sì máa dá orin sọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Adúmáadán mi, adúmáadán mi, èwo nínú wọn ló dán tó ọ?"

Èwo nínú wọn. Ọmọ méjì péré ló wà nínú ilé náà. Ẹ̀gbọ́n kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e kó tó mọ ẹni tí "wọn" ń jẹ́.

Orúkọ tí ìyá fi ń ṣeré lórí òróró ló mọ́ ọmọ náà lórí. Ẹ̀gbọ́n ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ tó dára, tó sì nítumọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí aṣọ tí wọ́n rà fún èèyàn tí kò rí òde wọ̀ ọ́ lọ. Bí àwọn méjèèjì bá ń kọjá lójú ọ̀nà, wọn á ní, "Adúmáadán ló ń bọ̀ yẹn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Nígbà tó yá, ó di Ẹ̀gbọ́n Adúmáadán. Ẹni tó bá ń kánjú á gé e kúrú, á ní Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ ń pè é títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ọkọ náà, ẹni tó ń darí ètò dìde, ó ní kí gbogbo èèyàn bá Ẹ̀gbọ́n Adúmáadán kẹ́dùn, gbogbo ojú bá yí síbi tí Adúmáadán jókòó sí, tó ń sunkún lọ́nà tó wuyì.

Ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí wọn kò ti pè é bẹ́ẹ̀: ẹ̀ka ẹ̀wà ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba. Níbẹ̀, Ìyá Òdòdó ni.

Kí oòrùn tó yọjú ló ti máa ń wà nínú ilé àwọ̀n, ilé gbọọrọ kan tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe ògiri rẹ̀ kí kòkòrò má baà wọlé, tí ìkòkò ẹ̀wà tò sínú rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún òdòdó lọ́kọ. Yóò mú ẹ̀mú kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ, yóò la òdòdó tí kò tíì tanná, yóò yọ gbogbo ohun akọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà fẹ́ ara rẹ̀, yóò wá bu àtíkè láti inú òdòdó ẹ̀wà mìíràn, yóò fi kan abo náà lójú. Lẹ́yìn náà, yóò so páálí pélébé kan mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú òwú: ìyá rẹ̀ rèé, bàbá rẹ̀ rèé. Orúkọ alárinà kì í sí níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, òdòdó á já bọ́, gbogbo làálàá òwúrọ̀ á sì ṣòfò. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n kì í wúwo. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń yọ orí láti ẹnu ọ̀nà, á bi í pé, "Ìyá Òdòdó, ìgbéyàwó mélòó lẹ ṣe lónìí?" Òun náà á dá a lóhùn pé ó ju iye ìgbà tí wọ́n ti kọ awakọ̀ lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ ẹnì kankan níbẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀gá àtijọ́ ló gbà á síṣẹ́, bàbá onísùúrù kan tó máa ń bá ẹ̀wà sọ̀rọ̀ bí ọkọ tó ń bẹ ìyàwó tó bínú. Ẹ̀wà tí àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà ń gbìn kì í so títí òjò yóò fi dá, èyí tó bá sì fẹ́ so, kòkòrò á ti fa omi òdòdó rẹ̀ mu. Ohun tí bàbá náà ń wá ni ẹ̀wà tí yóò gbó kí òjò tó lọ, tí kòkòrò kò sì ní rí ṣe. Lọ́dún kan, wọ́n rí èyí tó so wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì, kòkòrò jẹ ẹ́ tán. Lọ́dún mìíràn, wọ́n rí èyí tí kòkòrò kò lè jẹ, èèyàn náà kò sì lè jẹ ẹ́. Owó ìlú ni wọ́n ń ná ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ará ìta sì ń sọ pé ìjọba ń sanwó fún àgbàlagbà kí wọ́n máa fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ṣeré. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹ̀gbọ́n bí ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ti jáde ní girama kí ìlà kẹtàdínlógún nínú oko ìdánwò tó so ohun tí bàbá náà wò, tó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà pupa rúsúrúsú ni, bí bíríkì. Wọ́n pè é ní Kẹtàdínlógún.

Nígbà tó tó jáde, ọ̀gá àtijọ́ bu abọ́ kọ̀ọ̀kan fún àwọn òṣìṣẹ́, ó ní kí kálukú wá àgbẹ̀ tí yóò dán an wò. Ẹ̀gbọ́n gbé tirẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, tó fẹ́ àgbẹ̀ sí ìletò kan lẹ́yìn òkè. Àwọn tó gbọ́ ní ìfẹ́ ọmọ ìyá ni. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìfẹ́ kọ́. Láti ìgbà òróró ni ohun rere ti ń wá Adúmáadán wá láìjẹ́ pé ó dìde. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá sílé wọn nítorí Ẹ̀gbọ́n bá àbúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá. Ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀, àwọn ẹbí ní kí wọ́n fún Adúmáadán torí ó lọ́mọ púpọ̀. Kò sí èyí tó béèrè nínú wọn. Wọ́n sì ní ọwọ́ afúnni ló máa ń lékè. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí ọwọ́ òun lékè lẹ́ẹ̀kan péré, kí ti àbúrò wà nísàlẹ̀, kó na àtẹ́lẹwọ́, kó ní ẹ ṣeun.

Adúmáadán na ọwọ́ lóòótọ́, ó sì dúpẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kó sunkún. Ó gbìn ín. Ó kórè nígbà tí ẹ̀wà àwọn yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni. Ó fún aládùúgbò, ó fún àwọn àna, ó fún obìnrin tí wọ́n jọ tò sórí ìlà nílé ìwòsàn, ó fún ọkùnrin tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀ tí kò di ẹ̀wà díẹ̀ sí ìdí aṣọ bó ṣe ń lọ. Àwọn yẹn náà gbìn ín, wọ́n fún àwọn mìíràn. Bí ẹnì kan bá bi ẹnì kejì pé ẹ̀wà wo lèyí, á ní ti Adúmáadán ni. Kò pẹ́ tí "ti" fi já kúrò lẹ́nu wọn, ó ku Adúmáadán. Ẹ̀wà pupa bí bíríkì, orúkọ rẹ̀ wá ń jẹ́ adúmáadán, kò sì sẹ́ni tó rí i bí ohun ẹ̀rín. Ọwọ́ tó fún odidi agbègbè, báwo ni ọwọ́ tó fún ẹnì kan ṣoṣo yóò ṣe lékè rẹ̀?

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e relé nírọ̀lẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n ti máa ń rí i. Páànù tuntun ń kọ mànà lórí ilé tó jẹ́ pé koríko ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ra ẹ̀rọ ìlọta, ẹnì kan gbẹ́ kànga, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníṣòwò ẹ̀wà sọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ di títì. Obìnrin tó bá jókòó tì í á na ìka sójú fèrèsé, á ní, "Ẹ wo ilé yẹn, Adúmáadán ló kọ́ ọ." Òmíràn á ní Adúmáadán ló rán ọmọ òun lọ sí yunifásítì. Lójoojúmọ́ ni àbúrò rẹ̀ ń kọ́lé, tó ń sanwó ilé ìwé, tó ń ra ẹ̀rọ, láìdìde níbi tó jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n á kàn mi orí. Owú tirẹ̀ kì í ṣe iná tó ń jó fòfò. Ó dà bí eegun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun: kò dí oúnjẹ lọ́nà, ṣùgbọ́n kò sí òkèlè tó kọjá tí kò kàn án.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀gá àtijọ́ fẹ̀yìn tì, ó sì kú. Wọ́n gbé àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ sí ẹ̀ka ní ìlú mìíràn, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá láti olú ilé iṣẹ́, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tí kò tíì mọ ẹ̀yìn òkè. Nínú àwọn tó fi ọwọ́ kan Kẹtàdínlógún láti ìbẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ṣẹ́ kù.

Olówó kì í sọ owó sódò kó má yọjú wo ibi tó rì sí. Àwọn tó ń pín owó ìlú fún ilé ìwádìí fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀ka ẹ̀wà ti mú bọ̀ láti ọjọ́ yìí, wọ́n bá rán olùwádìí kan wá, ọmọbìnrin onígíláàsì kan tó máa ń kí agbálẹ̀ kó tó kí ọ̀gá. Òun àti àwọn tó bá a wá lọ láti ilé dé ilé lẹ́yìn òkè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwọn èèyàn ti ta ẹ̀wà wọn tán, èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe irúgbìn sì wà lókè àjà. Ohun tí wọ́n bá béèrè ni wọ́n gbọ́ èsì rẹ̀. Wọ́n padà dé, ọ̀gá tuntun pe ìpàdé.

Ọmọbìnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn béèrè Kẹtàdínlógún títí ẹnu fi bó, kò sẹ́ni tó gbìn ín, kódà kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ náà rí. Ẹ̀wà ti sọ agbègbè náà dọlọ́rọ̀ lóòótọ́, ojú òun ló rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí gbogbo wọn dárúkọ jẹ́ ẹ̀wà dúdú kan tó ń dán, ti ìbílẹ̀ ni, adúmáadán ni wọ́n ń pè é. Ó ní ó dun òun, àmọ́ ó dà bíi pé ohun tí ìlú ti ń fi síbí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, inú ihò ló lọ. Ọ̀gá tuntun bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, olú ilé iṣẹ́ yóò ti ẹ̀ka náà pa, wọn yóò sì fún àwọn tó ń sin adìyẹ ní ilẹ̀ rẹ̀. Ó ti ń ronú ibi tí yóò fi kálukú sí. Ìyá Òdòdó lè lọ sí ilé ìkẹ́rù, kó máa tọ́jú ọkọ́ àti bàtà.

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n, ó sì kúrú: ẹ̀wà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e. Wọn á ní, ta ni Adúmáadán? Á ní, àbúrò mi ni. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ yẹn yóò wọ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò tíì wọ̀ láyé òun. Bí òun bá sọ̀rọ̀, àbúrò òun gba ibẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, adìyẹ gbà á. Ó pa ẹnu dé. Àwọn tó rí i rò pé ìbànújẹ́ ni.

Olùwádìí náà sọ pé òun ṣì máa wà níbẹ̀ títí di òpin ọ̀sẹ̀ kí òun tó lọ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Ẹ̀gbọ́n wò ó pé ààyè wà. Kí wọ́n máa pe ẹ̀wà náà ní orúkọ rẹ̀, ó tán. Bí wọ́n bá tún béèrè, kí wọ́n ní Kẹtàdínlógún làwọn ń gbìn, kò sì ní sídìí láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gba àyè, ó wọ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn òkè. Ọkùnrin kan ń tún ọgbà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ìletò, ó kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹni yẹn. Ọkùnrin náà tẹ́tí sí i dáadáa, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun, ó wá ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n Adúmáadán, àbí? Àbúrò yín ṣe wá lóore o."

Adúmáadán jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ ọmọ, ó ti sanra díẹ̀, awọ ara rẹ̀ ṣì ń dán bí ìgbà tí ọwọ́ ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó fò dìde, ó fi etí aṣọ nu àga, ó lé àwọn ọmọ lọ síta. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ omi, kò fẹ́ oúnjẹ. Ó ní kó sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n máa pe ẹ̀wà náà ní orúkọ rẹ̀.

"Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kẹtàdínlógún."

Adúmáadán gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó di ìhà mú. "Ẹ máà bínú. Ta ló máa pe ìyẹn tán kí ẹ̀wà tó jinná?"

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wá sọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka ẹ̀wà, ẹ̀rín náà pa. Adúmáadán ti ń wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ. Mo máa sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti rí i."

"Má wá."

"Kí ló dé?"

"Mo ní má wá."

Adúmáadán wò ó. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìbá sàn ká ní ó ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ èèyàn, èèyàn lè dárí jì í. Kí lèèyàn ń ṣe fún ẹni tí kò ṣẹ̀? Ó ní bọ́ọ̀sì máa fi òun sílẹ̀. Bó ṣe ń lọ, Adúmáadán ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń ti ẹ̀wà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá bọ inú báàgì rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

Lọ́jọ́ tí olùwádìí náà máa lọ, ó yà sí ilé àwọ̀n láti dágbére. Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà dúró tì í, ó sé èémí bí ẹni tó ń wo ìyá tó ń fa ẹ̀gún yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ. Nígbà tí òdòdó náà gba àtíkè tán tí kò já, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Ó ní ká ní òun lè kọ ọ́ pé òun rí ọwọ́ yìí, òun ìbá kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rán òun láti wá wo ọwọ́. Ohun tí ọwọ́ mú jáde ni wọ́n ní kí òun wá wò. Ó dúpẹ́, ó yíjú padà. Níta, awakọ̀ ti tan ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wo ìkòkò tó tò lọ. Ó fi ojú inú rí adìyẹ tó ń tàn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ wọn kiri.

Ó ní, "Ẹ̀wà náà ò dúdú."

Ọmọbìnrin náà dúró. "Ẹ̀wà wo, mà?"

"Èyí tẹ́ ẹ lọ béèrè. Pupa ni. Àbúrò mi ló dúdú."

Ó gba àlàyé kó tó yé e. Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lára páálí tó ń so, ó ń sọ bí abọ́ kan ṣe kúrò níbí, ẹni tó gbé e fún, bí ẹni yẹn ṣe fún ayé, bí ayé ṣe fi orúkọ rẹ̀ pè é. Nígbà tó débi tí wọ́n ti ń pe ẹ̀wà pupa ní adúmáadán, ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ojú, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí òun sọ ni pé kí wọ́n fi ẹ̀wà han òun. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò, ó rántí nǹkan.

"Mà, ẹ wà ní ìpàdé lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ ọ́?"

"Mo ń wá orúkọ mìíràn fún un."

Ọmọbìnrin náà yára gba ẹnu ọ̀nà lọ. Ó jáde, ó ní kí awakọ̀ pa ọkọ̀.

Wọ́n tún padà sẹ́yìn òkè, wọ́n béèrè lọ́nà tó tọ́, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn gbé irúgbìn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Pupa ni nínú ọ̀rá, pupa ni nínú ike, pupa ni nínú ìgò tí wọ́n fi páálí dí. Nígbà tí èsì ìwádìí náà jáde, ọ̀gá tuntun pe gbogbo òṣìṣẹ́, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn. Olùwádìí náà ní bí èèyàn bá fi hóró kan sínú ilẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń kó èrè rẹ̀, pé owó ìlú tó wọ ẹ̀ka yìí náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, àní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ó ní ìdí tí kò fi hàn ni pé kò gba ẹnu ọ̀nà tó gbà jáde padà wọlé. Ilé àwọn èèyàn ló padà sí: ó di òrùlé, ó di owó ilé ìwé, ó di oúnjẹ lẹ́nu ọmọ lásìkò tí òjò dá. Wọn kò ní ti ẹ̀ka ẹ̀wà pa mọ́. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi kún ohun tí wọ́n ń fún un. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹnì kan gbá Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Kí àṣìṣe yìí má baà tún wáyé, olú ilé iṣẹ́ ti pa orúkọ Kẹtàdínlógún rẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ni wọn yóò máa tẹ̀ sára àpò irúgbìn àti sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Adúmáadán. Ó tún ní àwọn ti ránṣẹ́ sí ìyá tó ni orúkọ náà pé kó wá bá àwọn ṣe ayẹyẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Adúmáadán wá pẹ̀lú aṣọ tí kò jọni lójú, kò sì sí ohun tí kò yẹ ẹ́. Wọ́n gbé makirofóònù fún un. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló gbé abọ́ ẹ̀wà fún òun, ẹ̀gbọ́n òun ló ṣe é, òun kàn fi fún àwọn èèyàn ni, ẹ̀gbọ́n òun ni kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Ẹ̀gbọ́n láàárín èrò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ọ̀gá mi orí, ó yí sí Ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀? Èèyàn dáadáa ni àbúrò yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Adúmáadán títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà pàtẹ́wọ́. Ó rí i pé ọwọ́ òun kò dún tó ti àwọn yòókù, ó wá fi agbára kún un.

Lẹ́yìn náà, awakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Adúmáadán, ẹ kú oríire o." Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ọ̀gá gan-an ti pè é bẹ́ẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Gbogbo wọn sin Adúmáadán dé títì. Ẹ̀rín wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Adúmáadán bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá a. Ẹ̀gbọ́n ti ní òun ní omi láti bu fún ẹ̀wà, kò sì sẹ́ni tó rọ̀ ọ́.

Nínú ilé àwọ̀n, àwọn ìkòkò tuntun wà níwájú, ọmọ ìgbéyàwó tó ṣe lọ́dún tó kọjá, ẹ̀wà tí wọ́n ń retí pé yóò fara da ọ̀dá. Ó ṣì máa pẹ́ kó tó tó jáde. Lọ́jọ́ tó bá jáde, wọ́n tún máa bu abọ́ kọ̀ọ̀kan fún òṣìṣẹ́, kí kálukú wá àgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tú rọ́bà omi sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ. Ó rò ó pé èyí kò ní kúrò lọ́wọ́ òun láìní orúkọ. Ó dán ọ̀kan wò lẹ́nu, ó gùn jù. Ó dán òmíràn wò, ó jọ orúkọ ajá. Ó wá dárúkọ ara rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó pè é sókè ketekete sí àwọn ìkòkò náà. Ó dún bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń pe ẹni tí kò mọ̀ rí láàárín èrò.

Kò pe òmíràn mọ́. Ó fa rọ́bà lọ láti ìlà dé ìlà, ó ń da omi sí ìdí ẹ̀wà, kì í jẹ́ kó kan òdòdó. Ìlà tó wà lẹ́bàá ògiri ló gba omi gbẹ̀yìn. Ó pa ẹ̀rọ, ó ká rọ́bà mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó gbé e kọ́ sára ìṣó, ó sì fi ìdí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ọwọ́ méjèèjì gbẹ.